Sáà Tí A Gbá Kẹ́yìn

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí Mọ́mì kó èmi àti àbúrò mi obìnrin kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Houston. Alief la dé sí, àdúgbò tí ará ilé wa pọ̀ sí débi pé o lè ra àmàlà lọ́sàn-án kí o sì pàdé ẹni tó mọ bàbá rẹ àgbà nídìí rẹ̀. Mo ga, mo sì tóbi. Ní Texas, ọmọ tó bá rí báyẹn kì í pẹ́ kí kóòṣì kan tó fọwọ́ kàn án léjìká. Bí mo ṣe bá ara mi nídìí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nìyẹn. Kì í ṣe irú èyí tí à ń wò ní pápá Lekan Salami o. Èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré ni, tí àwọn tó ń gbá a ń dé akoto, tí wọ́n ń kọlu ara wọn bí àgbò.

Iwájú ni ààyè tèmi, láàárín àwọn márùn-ún tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dí ọ̀nà, kí ọwọ́ ará ìhà kejì má baà tẹ ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó fi ìka ọwọ́ kan kanlẹ̀, a ó gbójú sókè. Nígbà tí Mọ́mì kọ́kọ́ rí fọ́tò mi báyẹn, ó wò ó títí, ó ní, "Àkànní, ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

Ọdún mẹ́rin ni mo gbá a ní girama, mo sì gbá a fún ọdún mẹ́ta ní yunifásítì. Ọdún kẹta yẹn, 2018, ni wọ́n pa ẹgbẹ́ wa rẹ́. Mo ń kọ èyí fún àwọn òbí tí ọmọ wọn wà nídìí eré yìí lónìí, àti fún àwọn ọmọ náà fúnra wọn, pàápàá àwọn tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún.

N kò ní dárúkọ ilé ìwé náà. Àwọn èèyàn rere pọ̀ níbẹ̀ tí ọwọ́ wọn mọ́. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé ìwé kékeré ni, nínú ìlú kékeré, ní ìpele tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ń pè ní Division II. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ kí n tó tẹ ọgbà wọn. Ní ìpele yẹn nígbà náà, sikọ́láṣíìpù 36 péré ni òfin gbà kí ilé ìwé fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ sì lè tó 100. Ńṣe ni wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ bí ẹran iléyá: ẹnì kan gba ìdajì, ẹnì kan gba owó ìwé, ọ̀pọ̀ kò gba nǹkan kan. Tèmi kò tó ìdajì. Ẹ̀yáwó àti iṣẹ́ alẹ́ tí Mọ́mì ń ṣe ní ọsibítù ló ń dí ìyókù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ pé ọmọ nọ́ọ̀sì ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, n kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Èyí tó wá burú jù ni pé ọdún kan ṣoṣo ni ìwé sikọ́láṣíìpù náà wà fún, wọ́n á sì máa sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún. Mo ka iye owó tó wà nínú rẹ̀. N kò ka ọjọ́ tó máa parí.

Àmì ti wà nílẹ̀ kí sáà 2018 tó bẹ̀rẹ̀. Akoto mi ni mo kọ́kọ́ rí. Tí ìdíje ọdún kan bá parí, àṣà ni pé kí wọ́n kó àwọn akoto lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò yẹ̀ wọ́n wò, tí yóò pààrọ̀ tìmùtìmù inú wọn, tí yóò sì fọwọ́ sí i pé wọ́n ṣì lè gba orí là. Nígbà tí a padà dé ní oṣù Kẹjọ, ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá ṣì gbẹ mọ́ tèmi lára. Kóòṣì tó wá mi dé Houston ti lọ láti oṣù Kejì, wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ girama tó máa ń wá wo ọgbà kò wá mọ́. Àmì tó sì yẹ kó là wá lójú jù lọ ni ìwé ètò ìdíje. Ilé ìwé méjì kì í ṣàdédé pàdé ní pápá. Wọ́n á ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ṣáájú. Ọmọ Samoa tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló rí i pé méjì nínú àwọn tí à ń bá gbá lọ́dọọdún ti gbé ètò 2019 tiwọn jáde, orúkọ wa kò sí níbẹ̀.

A wá àlàyé fún gbogbo rẹ̀. A ní owó ló há, a ní wọ́n ń pẹ́ ṣe nǹkan, a ní ètò yẹn ò tíì pé. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì wa léèrè. Ó wo bàtà rẹ̀, ó ní kí n gbájú mọ́ ìdíje Sátidé. Ohùn rẹ̀ ti dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ọmọ 20 ọdún ni mí, mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín kí sáà tó wọlé: ta ni ẹ óò bá gbá lọ́dún tó ń bọ̀? Bí kò bá sí ìdáhùn tó ṣe gúnmọ́, ẹ pe ọ́fíìsì eré ìdárayá fúnra yín. Wọn ò lè gbóhùn sókè mọ́ yín bí wọ́n ṣe lè gbé e mọ́ ọmọ.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn ìdíje karùn-ún, wọ́n pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn eré. Àwa 94 jókòó. Ààrẹ ilé ìwé dúró síwájú, ọ̀gá eré ìdárayá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí mú ìwé dání. Ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Wọ́n ní iye akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dín kù, pápá nílò àtúnṣe, owó kò sí, ẹgbẹ́ yóò gbá ìdíje mẹ́fà tó kù, yóò sì tán síbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ dúró, wọn yóò máa san sikọ́láṣíìpù rẹ̀ títí yóò fi kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Wọ́n bi wá bóyá a ní ìbéèrè. Ìdákẹ́rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ọmọ ọdún kìn-ín-ní kan nawọ́, ó ní, "Ṣé ìgbáradì ṣì wà lónìí?"

Olórí kóòṣì wa ló dá a lóhùn. Ẹ̀yìn ló dúró sí, lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti fa fìlà bo ojú. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n tó sọ fún un. Ó ní, "Aago mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má pẹ́." A sì lọ. N kò tíì rí ìgbáradì tó dákẹ́ báyẹn rí. Ìró akoto nìkan lò ń gbọ́.

Nínú àwa 94, kò sí ẹni tó bèèrè pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù yẹn sílẹ̀. Ẹ fọkàn sí i, mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ni ìtìjú, bí ẹni pé èmi ni mo fa á. A ti pàdánù mẹ́rin nínú ìdíje márùn-ún. Mo rò pé ká ní a ti borí ni, wọn ì bá má pa wá rẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Boston kéde láàárín sáà 1997 pé ẹgbẹ́ tiwọn ń parí, bí ti wa gẹ́lẹ́. Northeastern àti Hofstra pa tiwọn rẹ́ ní 2009, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì síra wọn. Hofstra yẹn ni Wayne Chrebet àti Marques Colston ti jáde lọ gbá ní NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, ìyẹn kò sì gbà á là. Ìwé ìṣirò owó ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo iye ayò. Ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìṣirò owó jókòó tì mí tó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé kékeré ló ń dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ gan-an nítorí pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ń san owó ilé ìwé. Bí 94 bá ń pín 36, owó tó ń wọlé láti ara wa kò kéré. Ọ̀rọ̀ yìí fún wa ní ìrètí, ìrètí yẹn ló sì ṣe mí ní jàǹbá.

Nítorí pé gbogbo wa mọ ìtàn UAB, yunifásítì Alabama tó wà ní Birmingham. Wọ́n pa ẹgbẹ́ wọn rẹ́ ní oṣù Kejìlá 2014. Àwọn ará ìlú fárígá, wọ́n dáwó, nígbà tó di oṣù Kẹfà 2015, ilé ìwé yí ìpinnu padà. Wọ́n padà sí pápá ní 2017, wọ́n borí nínú ìdíje mẹ́jọ. Ìgbà tí tiwa fi ń wó lọ́wọ́ yẹn, ní 2018, UAB wà lójú ọ̀nà àtigba ife ẹ̀yẹ líìgì wọn, wọ́n sì gbà á. Ilé ọba jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ka ìròyìn wọn lálẹ́ lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí.

Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ. A tẹ ṣẹ́ẹ̀tì. A to síwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú kólòbó. Sátidé tó tẹ̀lé ìkéde, a lọ na àwọn tó yẹ kó nà wá, a sunkún ayọ̀, a rò pé Ọlọ́run ti dá sí i. Ṣùgbọ́n Birmingham jẹ́ ìlú ńlá, àwọn olówó wà níbẹ̀, ìjọba ìlú wà níbẹ̀ tó ṣe tán láti tọwọ́ bọ àpò. Ìlú tiwa, ilé iṣẹ́ tó tóbi jù níbẹ̀ ti kógbá sílé. Owó tí a kó jọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó owó bọ́ọ̀sì ìrìn àjò méjì. Ilé ọba ni tiwọn. Tiwa kì í ṣe ilé ọba, kò sì sí àgbà kan láàárín wa tó lè pe ọ̀dọ́ jókòó kó sọ ọ́ fún un.

Láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta, n kò kọ ìwé sí ilé ìwé mìíràn kankan. Kóòṣì méjì láti ibòmíràn fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi. Mo fún ọ̀kan lésì pé a ṣì ń jà. Èkejì, n kò dá a lóhùn; mo kà á sí ìwà ọ̀dàlẹ̀ láti dá a lóhùn. Àwọn tó tètè kọ̀wé nínú wa rí ibi lọ ní oṣù Kejìlá, wọ́n bá ẹgbẹ́ tuntun ṣe ìgbáradì nínú oṣù Kẹta àti Kẹrin. Àwọn kan nínú wa kò kí wọn mọ́ nígbà yẹn. Èmi wà lára wọn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ méjì.

Mọ́mì ńkọ́? N kò sọ fún un. Sunday Sunday ló máa ń pè mí tó bá ti jí lójú oorun iṣẹ́ alẹ́. Ó á béèrè ìwé, ó á béèrè oúnjẹ, ó á gbàdúrà. Mo ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé mi ò fẹ́ da ọkàn rẹ̀ láàmú, pé tí wọ́n bá ti yí i padà bíi ti UAB, kò ní sí ohun tó máa gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá a kẹ́dùn. Ó bá a kẹ́dùn ohun tí kò mọ̀! Nígbà tó pè mí, mo ti múra fún ariwo. Kò pariwo. Ó dákẹ́, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní, "Àkànní, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Títí di òní, mi ò tíì mọ bí mo ṣe lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ìdíje keje ni èjìká mi ya. Òsì ni. Mo na ọwọ́ láti gba ẹnì kan dúró, ẹlòmíràn já lu apá náà láti ẹ̀yìn, mo sì gbọ́ nǹkan nínú ara mi bí ìgbà tí a bá fa aṣọ ya. Mo gbé ọwọ́ náà mọ́ra, mo padà sí ìlà. Ìdíje mẹ́rin ló kù láyé mi. Bí mo bá lọ bá ẹni tó ń tọ́jú ẹgbẹ́, yóò ní kí n jókòó. Láwọn ọdún tó kọjá, èèyàn lè jókòó kó sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ọdún tó ń bọ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ló ń bá mi fi téèpù di èjìká ní gbogbo Sátidé, nínú yàrá wa, kí a tó lọ sí yàrá ìmúra. Mo ń mu ibuprofen bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ọmọ nọ́ọ̀sì ni mí o. Mo mọ̀ pé kò dára.

Ìdíje ìkẹyìn bọ́ sí àárín oṣù Kọkànlá. Mọ́mì kò wá wo ìdíje mi kankan ní yunifásítì rí, nítorí iṣẹ́. Ó parí iṣẹ́ alẹ́ Friday, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó wọ takisí wákàtí kan àti ààbọ̀, ó dé nígbà tí ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ. Mo rí gèlè rẹ̀ kí n tó rí òun fúnra rẹ̀. Kò sí gèlè mìíràn nínú pápá yẹn. Wọ́n nà wá, 34 sí 13. Mi ò rántí púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo rántí pé àwọn tó nà wá tò sílà lẹ́yìn fèrè, wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan nínú wọn ń sunkún. Mo rántí pé kò sí ẹni tó fẹ́ bọ́ akoto. A jókòó sórí koríko. Ilẹ̀ ń ṣú. Bàbá tó ń tọ́jú pápá, tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́, lọ tan gbogbo iná, kò sì pa á títí ẹni ìkẹyìn fi dìde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Mọ́mì sọ̀kalẹ̀ wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ sórí koríko tútù, ó fẹ́ bá mi tú okùn ìhámọ́ra èjìká. Ọwọ́ rẹ̀ kan òsì, mo sì fà sẹ́yìn. Kò ju ìyẹn lọ. Ó wò mí lójú, kò ṣe bí ìyá mọ́, ó di nọ́ọ̀sì. "Láti ìgbà wo?" Mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ fi han olùtọ́jú ẹgbẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní màá lọ.

N kò lọ. Mo rò pé bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé, tí ẹgbẹ́ wa bá sì padà wá, wọn yóò kà mí sí ọjà tó ti bàjẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún yẹn, èyí ló ná mi lówó jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ òbí wa kò mọ̀ ọ́n. Adójútòfò tí ilé ìwé ń ṣe fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í sábà jẹ́ àkọ́kọ́ láti sanwó. Ti ilé ẹni ni yóò kọ́kọ́ san ohun tó bá lè san, tiwọn yóò wá gbé lára èyí tó kù. Wọn kò sì ní gbé e bí kò bá sí àkọsílẹ̀ pé ìdí eré ni ìpalára náà ti wá, tí a kọ láàárín àsìkò tí ìwé wọn sọ. Bí sáà bá parí, àyẹ̀wò ara wà tó yẹ kí agbábọ́ọ̀lù ṣe kó tó kúrò nínú ẹgbẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ọ́fíìsì ti dàrú, àwọn èèyàn ń wáṣẹ́ kiri, olùtọ́jú ẹgbẹ́ rí iṣẹ́ síbòmíràn ní oṣù Kejìlá, ó lọ. Kò sí ẹni tó pè mí fún àyẹ̀wò, èmi náà kò bèèrè. Ní oṣù Kìn-ín-ní, mi ò lè gbé ọwọ́ kọ́ ẹ̀wù mọ́. Àwòrán MRI fi hàn pé awọ líle tó yí ihò èjìká ká, tí àwọn dókítà ń pè ní labrum, ti ya. Iṣẹ́ abẹ ni. Adójútòfò ní ká mú ìwé ìpalára wá. Ìwé wo?

Fídíò ló yọ mí. Gbogbo ìdíje la máa ń ká sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń kó o pa mọ́ sí. Ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀ ti parí pẹ̀lú ẹgbẹ́, ilẹ̀kùn ti tì. Èmi ti kó tèmi sórí kọ̀ǹpútà kó tó tì, àmọ́ ibi tí mo ti ṣe dáadáa nìkan ni mo kó, èyí tí kóòṣì lè rí kó yìn mí. Ibi tí èjìká mi ti ya kò sí nínú rẹ̀. Kóòṣì àwọn ará iwájú, tó ti wà nípìnlẹ̀ mìíràn nígbà yẹn, ló rán mi létí pé ẹgbẹ́ méjì tó bá pàdé máa ń pààrọ̀ fídíò, nítorí náà àwọn tí a bá gbá lọ́jọ́ yẹn yóò ní in. Mo kọ̀wé sí wọn. Ọjọ́ kejì gan-an ni wọ́n fi ránṣẹ́, ẹni tó fi í ránṣẹ́ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun rántí eré náà. Olùtọ́jú ẹgbẹ́ wa àtijọ́ kọ lẹ́tà. Ọ̀rẹ́ mi tó ń di téèpù kọ tiẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n gbà láti san apá kan. Mọ́mì fi iṣẹ́ alẹ́ san ìyókù, fún oṣù 14.

Kóòṣì yìí kan náà ló bi mí lórí fóònù pé, "Ìlérí sikọ́láṣíìpù yẹn, ṣé ó wà nínú ìwé?" Mo lọ sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣe dáadáa sí mi, ó yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí sí oṣù Karùn-ún. Ọ̀rọ̀ ẹnu inú gbọ̀ngàn kò dé orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún lọ, mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, mo dárúkọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo gba lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi sínú WhatsApp ẹgbẹ́, kí àwọn tó kù lè mú un lọ fi han wọn. Àwọn kan ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà náà, wọ́n rò pé kò sí nǹkan kan fún wọn mọ́.

Àwọn mẹ́ta nínú wa kò lè gba transcript, ìwé èsì ẹ̀kọ́ wọn, nítorí gbèsè kékeré: kọ́kọ́rọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì tó sọnù, ìwé láíbìrì. Ilé ìwé tuntun ti gbà wọ́n, transcript kò sì lè kúrò níbi tó wà. Ẹ san gbèsè kékeré kíákíá.

Nígbà tí èmi náà wá jí, ní oṣù Kẹta, ilé ìwé kan ṣì fẹ́ mi. Mo ti ní kirẹ́díìtì 76. Wọ́n ka 51 nínú rẹ̀ sí, òfin wọn sì ni pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbọ́dọ̀ ti ṣe 30 tó kẹ́yìn. Pẹ̀lú èjìká tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, n kò ní lè gbá fún oṣù mẹ́fà. Èmi àti Mọ́mì jókòó lórí fóònù, a kọ nọ́ńbà sílẹ̀, òun lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi lápá ọ̀dọ̀ mi. Mo dúró síbi tí mo wà. Mo kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní oṣù Karùn-ún 2020, lójú kọ̀ǹpútà, nítorí kòrónà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ọ̀rọ̀ ara. Mo wọn kìlógíráàmù 134 nígbà tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ mi ni láti tóbi. Nígbà tí ìgbáradì tán, ẹnu kò mọ̀ pé ó ti tán. Mò ń jẹun bí ẹni tó máa lọ ti ògiri lọ́sàn-án, mo sì ń lọ jókòó sí kíláàsì. Dókítà tó ṣe èjìká ló wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi tó lajú sí mi. Ọmọ ọdún 21 ni mí. Ó gbà mí tó ọdún kan kí n tó mọ bí èèyàn tí kò gbá bọ́ọ̀lù ṣe ń jẹun ní àárọ̀. Àti oorun náà: gbogbo Sátidé oṣù Kẹsàn-án 2019 ni mo ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀, tí n ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tí n kò ní ibì kankan láti lọ. Lọ́jọ́ kan mo rìn dé pápá. Wọ́n ti yọ àwọn òpó góòlù. Ihò méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n fi pákó bò.

Ní oṣù Kejìlá 2020, yunifásítì Azusa Pacific ní California kéde pé àwọn náà ti fòpin sí bọ́ọ̀lù. Níbẹ̀ ni Christian Okoye ti kọ́ eré yìí, ọmọ Enugu tó lọ síbẹ̀ nítorí eré orí pápá, tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí, tó wá sáré 1,480 yáàdì fún Kansas City ní 1989, tí kò sí ẹni tó tó o ní NFL lọ́dún yẹn. Ohun tó dùn mí jù nínú ìròyìn náà ni pé 2019 ni àwọn ọmọ yẹn gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn, kòrónà sì gbé ọdún 2020 lọ. Wọ́n ti kúrò ní pápá láìmọ̀. Àwa mọ̀. Bàbá kan tan iná fún wa. Mo ti bínú fún ọdún méjì kí n tó rí i pé ẹ̀bùn nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn, tí ilé ìwé kan bá ti pa ẹgbẹ́ rẹ́, Mọ́mì ló máa ń fún àwọn ìyá ní Alief ní nọ́ńbà mi. Ọ̀kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mọ́kànlá ti lù. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Sikọ́láṣíìpù ọmọ yìí ńkọ́? Ibo ló máa lọ?"

Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, mà. A óò sọ̀rọ̀ ìwé. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí ibi tó ń dùn ún lára?"

Ó ní kò sí, pé ara rẹ̀ le, pé ó gbá ìdíje tó kẹ́yìn tán.

"Ẹ bá mi fún un ní fóònù, mà."

Mo gbọ́ tí fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ọmọ náà kí mi, "Ẹ kú alẹ́, ẹ̀gbọ́n." Mo bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó ní kò sí. Mo ní kó jáde kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ díẹ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn tì, mo tún bi í.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Orúnkún ni," ó ní. "Ọ̀tún."